Ìwọ́ Àjọkẹ́ Nínú Agolo

Ìṣẹ́gun, 3 Òkúdù

Fèyísọ́lá, tísà wa ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Farmers Branch, ìlú tí à ń gbé ní Amẹ́ríkà, ní kí oníkálukú lọ ra ìwé kan, kí ó máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i sínú rẹ̀. Ó wá kọjú sí èmi Abísóyè. Ó ní, "Màmá Abísóyè, ẹ̀yin, mi ò fẹ́ rí òwe kankan níbẹ̀ o. Ohun tí ojú yín rí nìkan." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé kí n máa se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Daphi, ìyàwó Túnbọ̀sún ọmọ-ọmọ mi, yóò bímọ nínú oṣù yìí. Èmi ni mo ti ń múra láti wẹ ọmọ. Mo ti ra ọṣẹ dúdú àti òrí, mo ti gé kànìnkànìn tuntun. Àfi bí Túnbọ̀sún ṣe dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ tó ní ìyá Daphi ń bọ̀ láti Jowai, ìlú wọn lórí òkè ní Íńdíà. Lọ́jọ́ Àìkú ni yóò dé.

Mo ní, "Níbo ni yóò sùn?"

Ó ní, "Yàrá yín ló tóbi jù, Màmá."

Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo fẹ́ olùrànlọ́wọ́.

Àìkú, 8 Òkúdù

A lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Obìnrin kúkúrú ni, kò ju èjìká mi lọ, ó so aṣọ onílà kan mọ́ èjìká kan ṣoṣo, ó sì jẹ́ kó bo iwájú rẹ̀ dé orúnkún. Bei ni wọ́n ń pe ìyá ní èdè wọn. Daphi ní kí èmi náà máa pè é bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ ohun kan tó dà bí obì, ó fi ewé àti ẹfun díẹ̀ dì í, gbogbo ẹnu rẹ̀ sì pọ́n bí osùn. Ó fi lọ̀ mí nínú ọkọ̀. Mo ní mo dúpẹ́, n kò fẹ́.

Nígbà tí a délé, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó bi Daphi ní nǹkan kan. Daphi fi èdè òyìnbó sọ ọ́ fún Túnbọ̀sún, Túnbọ̀sún ní, "Wọ́n ń béèrè ẹni tó ni ilé."

Kí ó tó la ẹnu, mo ní, "Èmi ni." Túnbọ̀sún tó ń san owó ilé pa ẹnu rẹ̀ dé.

Bei mi orí. Ó ní ó dára, obìnrin ló yẹ kó ni ilé. Ó wá bèèrè ẹni tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn mi obìnrin. Mo ní ọmọ kan ni mo bí láyé mi, Kọ́lá, bàbá Túnbọ̀sún, Kọ́lá sì ti kú. Ó ní ta ni yóò wá máa tọ́jú iná ìdáná mi tí mo bá lọ.

Mo ní gáàsì là ń lò níbí, kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀. Túnbọ̀sún kò túmọ̀ ìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 12 Òkúdù

Òjò àti yìnyín. Yìnyín fọ́ gíláàsì ọkọ̀ Sharon tó ń gbé nísàlẹ̀ wa. Ẹsẹ̀ Daphi ti wú. Ìkòkò ọbẹ̀ méjì ló wà lórí iná lónìí, tèmi àti ti Bei. Túnbọ̀sún jẹ nínú méjèèjì, ó sì tètè jáde. Ẹyin tún ti gbówó lórí.

Àìkú, 15 Òkúdù

Màá kọ èyí, bó ti wù kó rí.

À ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àti Túnbọ̀sún nìkan. Mo ní ká jọ mú orúkọ tí ọmọ máa jẹ́, kó má di ọjọ́ kẹjọ ká tó máa ronú. Ó yà síbi tí wọ́n ti ń ra epo ọkọ̀, ó pa ọkọ̀, kò sì sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Orúkọ ìdílé Daphi lọmọ máa jẹ́."

"Ọmọ ta?"

"Ọmọ wa. Passah ni. Lọ́dọ̀ àwọn Pnar, ẹ̀yà Daphi, ìdílé ìyá lọmọ ń bá lọ. Mo ti gbà fún un kí á tó ṣègbéyàwó."

"O ti gbà. Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Màmá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Mo ní, "Akínpẹ̀lú ni orúkọ rẹ. Bàbá rẹ ló fi sílẹ̀ fún ọ, bàbá tirẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Ìwọ wá lọ fi í tọrọ ìyàwó."

Ó wá sọ èkejì, èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Daphi ni àbígbẹ̀yìn obìnrin nílé wọn. Lọ́dọ̀ wọn, àbígbẹ̀yìn obìnrin ló ń jogún ilé, òun ló ń tọ́jú ìyá, òun ló sì ń gbọ́ oúnjẹ àwọn òkú ìdílé. Bei ti ń dàgbà. Tí ọmọ bá ti lè wọkọ̀ òfuurufú, Daphi yóò gbé e bá ìyá rẹ̀ lọ sí Jowai.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi á máa lọ, màá máa bọ̀. Láyé àtijọ́, alẹ́ nìkan ni ọkọ máa ń wá sílé ìyàwó lọ́dọ̀ wọn. Tílẹ̀ bá mọ́, á padà sílé ìyá rẹ̀."

Mo ní, "Ọkọ alẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ kan ni mo bí, ó kú, ó fi ẹyọ ọmọ kan sílẹ̀ fún mi tọ́. Bí ọmọ tó ń bọ̀ yìí bá lọ, orí Túnbọ̀sún ni ilé Akínpẹ̀lú parí sí.

Ìṣẹ́gun, 17 Òkúdù

Òwe kan ti wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ Àìkú. Mo gbé e mì nítorí Fèyísọ́lá.

Ọjọ́bọ̀, 19 Òkúdù

Mo ti mọ ohun tí màá ṣe.

Lẹ́yìnkùlé wa ní Àwé, ìlú wa nílé, abẹ́ igi àgbọn ni ìwọ́ gbogbo ọmọ ilé wà. Ti ọkọ mi wà níbẹ̀. Ti Kọ́lá wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé e fún ìyá ọkọ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ti Túnbọ̀sún náà wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wá sí Amẹ́ríkà. Kí wọ́n kọ orúkọ tó wù wọ́n sínú ìwé ìjọba. Bí ìwọ́ ọmọ bá ti wọ ilẹ̀ yẹn, ọmọ wa ni.

Sìmíátù, ọmọ Àwé bíi tiwa, tó ń gbé ní Arlington, ìlú kan tí kò jìnnà síbí, yóò lọ sílé nínú oṣù tó ń bọ̀. Mo pè é pé kó bá mi gbé ìwọ́ náà lọ.

Ó ní, "Kí ni Túnbọ̀sún wí sí i?"

Mo ní, "Mi ò bi í."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bẹ̀rù o." Ṣùgbọ́n ó gbà.

Àìkú, 22 Òkúdù

Àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ń bi mí irú ẹ̀sìn tí àna mi ń ṣe. Mo ní n kò mọ̀, ojú sì tì mí pé n kò mọ̀. Ní ọ̀sán mo bi í nídìí tábìlì, Daphi ń túmọ̀. Bei ní Ọlọ́run kan ni àwọn ń sìn, àwọn kì í gbẹ́ ère rẹ̀, àwọn kò sì kọ́lé fún un. Nǹkan mẹ́ta ló ní kí àwọn ṣe láyé: kí àwọn ṣiṣẹ́ òdodo jẹun, kí àwọn mọ ènìyàn kí àwọn lè mọ Ọlọ́run, kí àwọn sì mọ ẹbí ìyá àti ẹbí bàbá.

Mo ní, "Ta wá ni ẹbí bàbá?"

Daphi ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá." Yorùbá tó mọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ìyẹn dáadáa.

Mo ní irú ẹbí wo nìyẹn, tí wọn ò ní fi orúkọ rẹ̀ pe ọmọ. Òun náà ò túmọ̀ ìyẹn. Bei wojú mi ṣá, ó sì gbé àwo rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

Ìṣẹ́gun, 24 Òkúdù

Obìnrin ni.

Láti ìdájí la ti wà ní hósípítù, èmi àti Bei lórí àga kan náà, nínú òtútù tí wọ́n ń pè ní amúlétutù. Ó tún fi obì rẹ̀ lọ̀ mí. Mo kọ̀. Ní ọ̀sán, nọ́ọ̀sì méjì sáré gba iwájú wa kọjá sínú yàrá Daphi, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Bei di ọwọ́ mi mú. N kò yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni Túnbọ̀sún yọjú, ojú rẹ̀ ti yí padà, ó ní ọkàn ọmọ ń lọ sílẹ̀. Ó tún wọlé. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí a fi gbọ́ igbe.

Nígbà tí wọ́n ní obìnrin ni, Bei bú sẹ́kún ayọ̀. Lọ́dọ̀ wọn, obìnrin ló ń gbé ilé ró, ohun tó wá gbà nìyẹn. Èmi wo iwájú orí ọmọ náà. Iwájú orí Kọ́lá ni, kò kù síbì kan.

Nọ́ọ̀sì ní kí á má ri ọmọ sómi títí ìwọ́ yóò fi jábọ́, aṣọ tútù ni kí á máa fi nù ún. Mo ní a ti gbọ́.

Ìṣẹ́gun, 1 Agẹmọ

A sọ ọmọ lórúkọ nínú pálọ̀. Oyin, iyọ̀, omi. Banri ni orúkọ tí Daphi mú, Túnbọ̀sún ní Olúwadára. Nígbà tó kàn mí, mo pe oríkì rẹ̀: Àjọkẹ́. Oríkì ìyá mi ni. Ọmọ náà la ojú, ó wò mí.

Pásítọ̀ ń gbàdúrà, ó ní, "Olúwadára Banri Àjọkẹ́..." ó wá dúró, ó ń retí ìyókù. Túnbọ̀sún ní, "Passah, sà." Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wojú mi. Èmi wo abọ́ oyin.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Ìwọ́ jábọ́ láàárọ̀ yìí, lọ́wọ́ mi, bí mo ṣe ń nu ọmọ. Ó gbẹ, ó dúdú, kò ju ìdajì ìka lọ. Mo fi áńkáṣíìfù funfun dì í, mo fi sínú agolo mílíìkì tó ti ṣófo, mo tì í sábẹ́ aṣọ mi nínú àpótí.

Nígbà tí Bei gba ọmọ, ó wo ìdodo rẹ̀. Ó gbọn aṣọ ọmọ. Ó wo ilẹ̀. Ó yí ojú sí mi, ó sì la ọwọ́ méjèèjì láti fi bèèrè.

Mo la tèmi.

Àbámẹ́ta, 5 Agẹmọ

Bei ti gbá gbogbo ilé. Ó ti yí bẹ́ẹ̀dì ọmọ padà. Lánàá ó da ike ìdọ̀tí sórí bébà ní kíṣìnì, ó ń fi ọwọ́ tú u. Daphi ní kó fi sílẹ̀, ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Ọmú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní omi mọ́.

Sìmíátù wá kí wa kú ewu ọmọ. Nígbà tí mo sìn ín dé ibi ọkọ̀ rẹ̀, mo gbé agolo náà fún un nínú láílọ́ọ̀nù. Ó ní, "Kí ni ìyá yẹn ń wá nílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé?"

Mo ní, "Nǹkan rẹ̀ kan ló sọnù."

Ìṣẹ́gun, 8 Agẹmọ

Ẹ̀rọ amúlétutù bàjẹ́. Wọ́n ní ẹni tó máa tún un ṣe kò ní wá títí di Ọjọ́bọ̀. Ooru yìí kò jọ ti Àwé, kò ní afẹ́fẹ́ kankan nínú. Ọmọ ń ké. Bei ò jẹun tó bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Daphi wá bá mi nínú yàrá. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ rí ìwọ́ Banri?"

Mo ní, "Ohun tó kéré báyẹn, bóyá wọ́n ti gbá a mọ́ ìdọ̀tí."

Nọ́ọ̀sì ni Daphi. Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo aláìsàn tó ní òun ti lo oògùn òun.

Ẹtì, 11 Agẹmọ

N kò lọ sí kíláàsì. Mo ní orúnkún ń dùn mí.

Ajé, 14 Agẹmọ

Màá kọ ti òní gbogbo, bí ó tilẹ̀ gba ojú ewé mẹ́wàá.

Àkókò ọdún ńlá wọn nìyí ní Jowai. Bí wọ́n bá gbin ìrẹsì tán, àwọn ọkùnrin yóò gbé igi ńláńlá wá láti inú igbó, wọn yóò sì máa gun òrùlé kọ̀ọ̀kan, wọn yóò fi ọparun lù ú kí àìsàn lè jáde nílé. Bei ní àìsàn wà nílé wa: ọmú tó gbẹ, ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ohun ọmọ tó sọnù. Ó ní kí Túnbọ̀sún lu òrùlé wa.

Túnbọ̀sún gba ààyè níbi iṣẹ́, ó ra ọparun níbi tí wọ́n ti ń ta òdòdó, ó gun àga ní bákónì, ó ń lu òrùlé. Sharon gòkè wá. Ó ní, "Ṣé kò sí o? Àbí eku ni?"

Daphi ní, "Eku ni."

Sharon ní, "Á jẹ́ pé ó tóbi gan-an." Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún Bei, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìwọ́ ti jábọ́. Mo rẹ́rìn-ín tẹ̀lé e, mo sì rántí pé kò tọ́ sí mi.

Ní ọ̀sán, ó gbé oúnjẹ àwọn òkú kalẹ̀. Àwọn obìnrin ló ń ṣe ìyẹn. Ìrẹsì, ẹja, àti ata ilẹ̀ pupa tó gbé wá láti ilé. Ó ń pe orúkọ, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ. Èmi jókòó sórí àga mi, mo kàn ń wò. Ẹlẹ́sìn Jésù ni mí, n kò bá wọn dá sí i.

Ó bu oúnjẹ mìíràn sínú àwo kékeré, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́tọ̀. Ó sọ̀rọ̀. Daphi ní, "Màmá, wọ́n ń béèrè orúkọ bàbá Túnbọ̀sún."

Mo ní, "Kọ́lá."

"Wọ́n ní kí ẹ pè é tán."

"Kọ́láwọlé Akínpẹ̀lú."

Bei pè é. Kò dára. Ó tún un pè. Mo tún un ṣe fún un, ó tún un pè, ó sì gún régé díẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan àwo náà. Ó bèèrè bàbá Kọ́lá. Mo dáhùn. Ó bèèrè ìyá ọkọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti pe orúkọ ìyá ọkọ mi gbẹ̀yìn.

Mo ní, "Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Daphi ní Bei ń kọ́ orúkọ wọn kí òun lè kọ́ Banri. Lọ́dọọdún ni ọmọ náà yóò máa gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún wọn nígbà tí ilé bá di tirẹ̀. Ó ní ọmọ tí kò bá mọ ẹbí bàbá rẹ̀, wọn kì í kà á kún ọmọ tí a kọ́.

Ó wá ní, "Ìwọ́ yẹn ló ń ba Bei nínú jẹ́. Nílé tiwa, bàbá ọmọ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ sídìí igi. Àwa kọ́. Iṣẹ́ ẹbí bàbá ni. Bei ní òun ló gbọn aṣọ ọmọ tí òun fi sọ iṣẹ́ yín nù, ojú yín sì ń ti òun, Màmá. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè jẹun níwájú yín."

Bei ń wo àwo kékeré náà, kò wò mí.

Mo ní, "Kò sọnù."

Túnbọ̀sún ní, "Níbo ló wà?"

"Arlington."

"Kí ló ń ṣe ní Arlington?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí bí mo ṣe la ọwọ́. Daphi túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láìbo ọ̀kan nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ó sàn kí wọ́n pariwo. Túnbọ̀sún kàn bèèrè ìgbà tí Sìmíátù ń lọ. Mo ní ìrọ̀lẹ́ òní ni.

Mo pe Sìmíátù, kò gbé e. Bó bá ń di ẹrù, kì í gbọ́ fóònù. A wọ ọkọ̀, Bei náà wọ̀ ọ́ láìbèèrè. Ọ̀nà márosẹ̀ ti dí, a rìn bí ìgbín. Ọkọ̀ ojú irin kò dé Arlington, ká ní a fẹ́. Mo pè, mo tún pè. Mo ń wò ó lọ́kàn pé Sìmíátù ti wà ní pápákọ̀, pé agolo náà ti wọ ikùn ọkọ̀, pé ilẹ̀ Àwé ti lanu dè é. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ohun tí mo ń gbàdúrà fún nìyẹn.

Nígbà tí a débẹ̀, ọkọ rẹ̀, Waleed, ń gbé àpótí ìkẹyìn sínú ọkọ̀. Wọ́n ti fi ọ̀rá wé àpótí náà yíká.

Mo ní, "Sìmíátù, jọ̀ọ́, agolo mi."

"Agolo wo? Ẹ̀gbọ́n, mo ti wọn ẹrù yìí. Ó pé géérégé."

"Agolo mílíìkì."

Waleed wo Túnbọ̀sún, ó wo Bei, ó sì wá ọ̀bẹ lọ. Wọ́n tú àpótí sílẹ̀ lójúde. Àárín kọnfíléèkì àti oògùn fítámì ni agolo náà wà. Sìmíátù kò tíì gbé e fún mi. Ó ní, níwájú gbogbo wọn, "Ẹ̀gbọ́n, ìwọ́ ọmọ Akínpẹ̀lú kò ní lọ sí Àwé mọ́?"

Mo wo Túnbọ̀sún. Ó ń wo bàtà rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe tí kò bá fẹ́ kí n rí ojú òun.

Mo ní, "Kò ní lọ."

Mo gba agolo náà. N kò gbé e fún Bei. Ọwọ́ Túnbọ̀sún ni mo gbé e lé.

Ọjọ́rú, 16 Agẹmọ

Bei ò kí mi láàárọ̀ yìí. Mo wẹ ọmọ. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣọ́ ọwọ́ mi. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ẹtì, 18 Agẹmọ

Bei jókòó tì mí ní bákónì. Ó la obì rẹ̀, ó fi ewé àti ẹfun dì í, ó nà án sí mi. Mo gbà á. Kò tíì kúnná lẹ́nu mi tí etí mi fi gbóná, òógùn bò mí, ojú ń yí mi. Bei rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ògiri mú. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Ó fi èdè tirẹ̀ dáhùn, mo sì rò pé ohun tó sọ ni pé ó wu òun.

Ọmú Daphi ti tún ń ṣàn. Wọ́n ti wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe níkẹyìn.

Àìkú, 3 Ògún

Túnbọ̀sún pè wá jọ. Ó ní ibi tí ọmọ máa gbé ni òun máa gbé ìwọ́ rẹ̀ lọ, ìyẹn ni Jowai. Òun fúnra òun ni yóò gbé e lọ, nígbà tí wọ́n bá fún un láàyè níbi iṣẹ́ ní oṣù Ọ̀wàrà. Títí dìgbà náà, kò ní kúrò nílé yìí.

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní, "Iṣẹ́ rẹ ni." Mo lọ sínú yàrá, mo ti ilẹ̀kùn.

Àbámẹ́ta, 30 Ògún

Wọ́n ti lọ. Nínú ọkọ̀, Bei ń ka orúkọ àwọn òkú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò mí bóyá òun pè wọ́n dáadáa. Kọ́láwọlé ti dán. Akínpẹ̀lú ṣì ń kọ́ ọ lẹ́nu.

Lẹ́nu ibi àyẹ̀wò, mo gba ọmọ, mo pe oríkì rẹ̀ sí i létí, mo sì kì í débi tí mo mọ̀ ọ́n kì dé. Àwọn ènìyàn ń yà fún wa. Nígbà tí mo gbé e fún Daphi, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ láyà, lórí ilẹ̀ pápákọ̀, bí ọmọ Àwé. Mo ní kó dìde, ilẹ̀ tutù.

Ẹtì, 5 Ọ̀wẹ́wẹ̀

Ilé dákẹ́. Orí fíríìjì ni agolo náà wà. Tí mo bá ń se oúnjẹ, mo máa ń yẹra fún wíwò ó.

Sìmíátù ti dé láti ilé, ó pè mí. Ó ní ẹnìkan tún ń lọ sí Àwé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọ ilé kejì wa, tó ṣeé fọkàn tán. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wo orí fíríìjì. Mo ní kí ẹni náà bá mi kí gbogbo ilé.

Ní ìrọ̀lẹ́, Túnbọ̀sún ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí tábìlì, ó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì Jowai.

Mo ní, "Mélòó lo ń rà?"

"Ọ̀kan."

"Méjì ni kó o rà."

Ó gbójú sókè. "Màmá, òkè ni o. Òkè gidi. Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ṣé orúnkún mi ni yóò gbẹ́lẹ̀ ni? Ìwọ máa gbé e, bí wọ́n ṣe wí. Èmi máa dúró tì ọ́, kí n sọ ọmọ ẹni tó jẹ́ fún ilẹ̀ ibẹ̀. Bei ò tíì lè pe Akínpẹ̀lú dáadáa."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ mi. Mo ní kí ó dúró. Mo ní kí ó sún kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. Ó pẹ́ kí n tó rí gbogbo lẹ́tà náà, kò sì sí ibi tí mo ti lè fi àmì ohùn sí i, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́, orúkọ mi, àti orúkọ ilé wa tẹ̀lé e.